Nígbà tí ètò ààbò ara bá kọlu awọ: Àmì àrùn jẹjẹrẹ tí àwọn ará Niangon kò gbọdọ̀ fojú fo

Egbò ẹnu tó ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí kò jiná, ètè tó ń bó, ìléròrò tó ń yọ láyà àti lẹ́yìn tó sì ń bẹ́ fúnra rẹ̀: àwọn àmì wọ̀nyí lè dà bí àìsàn awọ ara lásán. Lára àwọn ènìyàn díẹ̀, ìkìlọ̀ ni wọ́n jẹ́ pé àrùn jẹjẹrẹ kan ti fara pamọ́ sínú ara tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí.

Àwọn onímọ̀ ìṣègùn ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé kì í ṣe jẹjẹrẹ náà fúnra rẹ̀ ló ń bó awọ. Ètò ààbò ara aláìsàn, èyí tó yẹ kó máa gbógun ti kòkòrò àrùn, ló ṣi ọ̀tá mú, tó wá ń kọlu àwọn sẹ́ẹ̀lì awọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ará Niangon, àdúgbò ńlá ní Yopougon, ní ìwọ̀-oòrùn Abidjan. Yopougon ni àgbègbè ìjọba ìbílẹ̀ tí èrò pọ̀ sí jùlọ ní Côte d'Ivoire. Ètò ìkànìyàn ọdún 2021 fi hàn pé àwọn tó ń gbé ibẹ̀ lé ní mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀. Ní Abidjan bákan náà ni ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ti tẹ̀dó láti ìran dé ìran, pàápàá àwọn tí ìdílé wọn ti Èjìgbò àti àwọn ìlú tó yí i ká lọ ṣòwò.

Ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀, ibi tí aláìsàn bá kọ́kọ́ gbà lọ, yálà ilé ìwòsàn, ilé ìtajà oògùn, ọjà tàbí ilé adáhunṣe, ló sábà máa ń pinnu bóyá wọ́n á rí jẹjẹrẹ náà lásìkò.

Kí ni áńtíbọ́dì, kí ló sì ń mú un ṣìnà?

Áńtíbọ́dì jẹ́ èròjà purotéènì tó ń rìn káàkiri nínú ẹ̀jẹ̀. Irú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun kan tí wọ́n ń pè ní sẹ́ẹ̀lì B ló ń pèsè rẹ̀. Áńtíbọ́dì kọ̀ọ̀kan dà bí kọ́kọ́rọ́ tó bá àgádágodo kan ṣoṣo mu. Èyí tí ara ṣe lẹ́yìn abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú kò lè dènà àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀.

Bí gbogbo nǹkan bá ń lọ bó ṣe yẹ, ara kì í ṣe kọ́kọ́rọ́ tó lè ṣí ilẹ̀kùn ara rẹ̀. Àmọ́ nígbà mìíràn, áńtíbọ́dì máa ń jáde tó ń lẹ̀ mọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹni tó ni ín. Irú áńtíbọ́dì tó ń bá olówó rẹ̀ jà yìí ló wà nídìí ọ̀pọ̀ àìsàn, títí kan àwọn àìsàn oríkèé kan.

Láti lóye ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí awọ, a lè fi awọ wé ògiri bíríkì. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ni bíríkì. Lára ohun tó dà bí sìmẹ́ńtì láàárín wọn ni àwọn purotéènì tí wọ́n ń pè ní desmoglein 1 àti desmoglein 3. Nínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, àwọn purotéènì mìíràn tí orúkọ wọn ń jẹ́ plakin tún di sẹ́ẹ̀lì mú, bí irin tí àwọn bíríkìlà máa ń fi sínú kọnkéré.

Bí áńtíbọ́dì bá lẹ̀ mọ́ sìmẹ́ńtì náà, àwọn sẹ́ẹ̀lì á tú kúrò lára ara wọn. Omi á dí àlàfo tó ṣí sílẹ̀, ìléròrò á yọ. Desmoglein 3 pọ̀ gan-an nínú ẹnu, ìdí sì nìyí tí egbò fi sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ kó tó dé ara.

Báwo ni àwọn onímọ̀ ṣe mọ̀ pé jẹjẹrẹ wà nídìí rẹ̀?

Ní ọdún 1964, Ernst Beutner àti Robert Jordon, àwọn olùwádìí ní ìlú Buffalo ní Amẹ́ríkà, rí áńtíbọ́dì tó ń kọlu sẹ́ẹ̀lì awọ nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ní àìsàn ìléròrò tí wọ́n ń pè ní pemphigus. Ìgbà náà ni ó hàn kedere pé ara ẹni ni ìjà ọ̀hún ti ń wá. Bí Yorùbá ṣe máa ń sọ ọ́, kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló ń gbé.

Àmọ́ ọ̀pọ̀ àwọn tó ní pemphigus kò ní jẹjẹrẹ rárá. Ọdún 1990 ni Grant Anhalt, dókítà awọ ara ní Yunifásítì Johns Hopkins ní Baltimore, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde nípa aláìsàn márùn-ún. Gbogbo wọn ló ní egbò ẹnu tó le, ìléròrò lára, àti kókó tàbí jẹjẹrẹ nínú ara. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, áńtíbọ́dì tó wà níbẹ̀ yàtọ̀ sí ti pemphigus tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀: kì í ṣe sìmẹ́ńtì nìkan ló ń kọlù, ó ń kọlu àwọn irin inú bíríkì pẹ̀lú.

Wọ́n sọ àìsàn náà ní paraneoplastic pemphigus, èyí tó túmọ̀ sí pemphigus tó ń bá jẹjẹrẹ tàbí kókó inú ara rìn. Àìsàn tó ṣọ̀wọ́n ni. Láti ìgbà náà, iye tí àwọn dókítà ti kọ ìròyìn wọn káàkiri àgbáyé kò kọjá ọgọ́rọ̀ọ̀rún.

Àwọn jẹjẹrẹ àti kókó tó sábà máa ń fà á ni:

• Lymphoma, ìyẹn jẹjẹrẹ tó ń bẹ̀rẹ̀ nínú àwọn kókó ọrùn, abíyá, inú ikùn tàbí abẹ́.
• Oríṣi jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kan tó máa ń rọra dàgbà lára àwọn àgbàlagbà, tí wọ́n ń pè ní leukaemia onígbà pípẹ́ ti sẹ́ẹ̀lì B.
• Àrùn Castleman, tó ń mú kí kókó ara wú kọjá ààlà. Òun ló sábà máa ń wà nídìí rẹ̀ bó bá jẹ́ pé ọmọdé ni aláìsàn.
• Kókó inú thymus, ẹ̀yà ara kékeré tó wà lẹ́yìn egungun àyà.

Bí jẹjẹrẹ ṣe ń sọ ètò ààbò ara di ọ̀tá awọ kò rí bákan náà lára gbogbo ènìyàn. Nígbà mìíràn, kókó náà fúnra rẹ̀ ló ń pèsè áńtíbọ́dì. Ní ọdún 2004, àwọn olùwádìí ní Beijing fi hàn pé àwọn sẹ́ẹ̀lì B inú kókó Castleman ló ń ṣe áńtíbọ́dì tó ń bó awọ àwọn aláìsàn wọn. Àlàyé mìíràn ni pé jẹjẹrẹ lè gbé purotéènì tó jọ ti awọ sójú táyé. Bí ara bá ti ṣe ohun ìjà sí i, ohun ìjà náà á bá awọ pẹ̀lú. Bí awọ bá sì ti fara pa, àwọn purotéènì tó fara sin tẹ́lẹ̀ á hàn síta, ara á tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe áńtíbọ́dì tuntun sí wọn.

Àwọn àmì wo ló yẹ kí ènìyàn ṣọ́?

Egbò ẹnu ni àmì àkọ́kọ́ lára ọ̀pọ̀ jùlọ. Kì í ṣe egbò kékeré kan tí yóò lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ó máa ń gba ahọ́n, ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ọ̀fun, ó sì máa ń dé orí ètè, tí ètè á bó, tí ẹ̀jẹ̀ á gbẹ lé e lórí. Jíjẹ àti gbígbé oúnjẹ mì á di ìyà, aláìsàn á sì máa rù.

Àwọn àmì mìíràn ni:

• Ojú tó pọ́n, tó ń ta, tó ń ṣomi, tí ìpéǹpéjú sì lè máa lẹ̀ mọ́ ẹyin ojú.
• Ìléròrò tàbí egbò láyà, lẹ́yìn, ní apá, lójú ara, àti ní àtẹ́lẹwọ́ tàbí àtẹ́lẹsẹ̀. Pemphigus tí kò bá jẹjẹrẹ rìn kì í sábà dé àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀.
• Kókó tó wú lọ́rùn, lábíyá tàbí lábẹ́, bí kò tilẹ̀ dunni.
• Ibà tí kò ní ìdí, òógùn òru àti rírù ara.
• Èémí tó ń gé, pàápàá nígbà tí ènìyàn bá ń gun àtẹ̀gùn.

Àmì tó gbẹ̀yìn yìí ló léwu jù. Áńtíbọ́dì àti àwọn sẹ́ẹ̀lì ìjà mìíràn lè ba àwọn ojú ọ̀nà kéékèèké tí atẹ́gùn ń gbà nínú ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Bí àpá bá ti dí wọn, ó ṣòro láti ṣí wọn padà, àní lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ kókó náà kúrò. Àìsàn ẹ̀dọ̀fóró yìí wà lára ohun tó sábà máa ń pa àwọn aláìsàn, pẹ̀lú kòkòrò àrùn tó ń gba ojú egbò wọlé.

Lára bíi ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn aláìsàn, wọ́n ti mọ̀ nípa jẹjẹrẹ náà kí egbò tó yọ. Lára àwọn tó kù, egbò ló kọ́kọ́ hàn, òun ló sì ń tọ́ka sí jẹjẹrẹ. Àwọn wọ̀nyí ni àkókò ṣe pàtàkì fún jùlọ.

Kì í ṣe pemphigus nìkan

Àìsàn méjì mìíràn wà tí áńtíbọ́dì inú wọn lè jẹ́ atọ́ka jẹjẹrẹ, wọn kò sì ṣọ̀wọ́n tó ti àkọ́kọ́.

Èkíní ni dermatomyositis, tó ń kọlu awọ àti iṣan. Aláìsàn á ṣàkíyèsí pé kò rọrùn fún òun mọ́ láti dìde lórí àga, láti gbé apá sókè di irun, tàbí láti gún fùfú. Awọ ìpéǹpéjú á yí àwọ̀ padà, kókó kéékèèké á sì yọ lórí oríkèé ìka ọwọ́. Láti ọdún 1916 ni àwọn dókítà ti kọ́kọ́ kọ̀wé pé àìsàn yìí àti jẹjẹrẹ lè jọ wà lára ẹnì kan. Lónìí, a mọ̀ pé àgbàlagbà tó ní áńtíbọ́dì tí wọ́n ń pè ní anti-TIF1-gamma nínú dermatomyositis rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe àyẹ̀wò jẹjẹrẹ dáadáa, nítorí ewu rẹ̀ ga ju ti àwọn yòókù lọ. Ewu náà máa ń pọ̀ jù ní ọdún àkọ́kọ́. Jẹjẹrẹ ọmú, ti ilé ẹyin obìnrin, ti ẹ̀dọ̀fóró àti ti inú wà lára àwọn tí wọ́n sábà máa ń rí.

Èkejì ni oríṣi pemphigoid kan tó ń dá egbò àti àpá sí ẹnu, ojú àti ọ̀fun. Bí áńtíbọ́dì tó fà á bá jẹ́ èyí tó ń kọlu laminin 332, purotéènì tó so awọ òkè mọ́ ti ìsàlẹ̀, ó yẹ kí dókítà wá jẹjẹrẹ. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2001, 10 nínú aláìsàn 35 tó ní irú áńtíbọ́dì yìí ló ní jẹjẹrẹ.

Kí ló ń mú kí àwọn ènìyàn pẹ́ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ dókítà?

Ohun àkọ́kọ́ ni pé àìsàn náà jọ ohun mìíràn. Egbò ẹnu lè jẹ́ ti kòkòrò àrùn, ti àìtó fítámì, tàbí ti àrùn HIV. Ara tó ń bó lójijì lè jẹ́ ìhùwàsí ara sí oògùn, bí irú èyí tí wọ́n ń pè ní Stevens-Johnson, tí oògùn cotrimoxazole àti àwọn oògùn wárápá kan lè fà. Ìyàtọ̀ kan ni pé ti oògùn máa ń yọ láàárín ọjọ́ díẹ̀ sí ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn tí ènìyàn bẹ̀rẹ̀ oògùn náà, ó sì máa ń rọlẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá dá a dúró. Ti áńtíbọ́dì kì í lọ.

Ohun kejì ni àwọ̀ ara. Ọ̀pọ̀ ìwé ìṣègùn ló ń ṣàpèjúwe awọ tó pupa tàbí tó rí bí elése àlùkò, àpèjúwe tó bá ara aláwọ̀ funfun mu. Lára aláwọ̀ dúdú, pípupa náà lè má hàn. Ohun tí ènìyàn á rí ni àbàwọ́n tó dúdú ju awọ yòókù lọ, tàbí ojú egbò tó ṣí tí awọ tó bó sì rọ̀ yí i ká. Dókítà tí ojú rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n lè fojú fo ó.

Ohun kẹta ni ìpara. Ní ọdún 2015, ìjọba Côte d'Ivoire fòfin de àwọn ìpara àti ọṣẹ tó ń bó ara, lára wọn èyí tó ní mẹ́kúrì àti èyí tó ní sítẹ́rọ́ọ̀dù. Síbẹ̀, bíbó ara, tí àwọn ará Abidjan ń pè ní tchatcho, kò tíì parẹ́. Sítẹ́rọ́ọ̀dù inú irú ìpara bẹ́ẹ̀ lè mú kí awọ rọlẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kó sì bo àmì tó yẹ kí dókítà rí mọ́lẹ̀, nígbà tí jẹjẹrẹ ń dàgbà lọ nínú ara. Ẹni tó ń lò ó gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà láìtijú.

Ohun kẹrin ni ìgbàgbọ́. Láàárín Yorùbá, àìsàn tó bá yọ sára ti ní ìtumọ̀ ẹ̀mí láti ìgbà tí ìgbóná ti ń jà, tí wọn kì í fẹ́ dárúkọ Ṣọ̀pọ̀ná. Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde ní 1980 pé ìgbóná ti parẹ́ láyé, àmọ́ èrò pé èpè tàbí àsasí ló ń bó ara ènìyàn ṣì wà. Àwọn ìdílé kan á gbé aláìsàn kúrò ní Abidjan padà sílé ní Nàìjíríà fún ìtọ́jú ìbílẹ̀. Oṣù tó bá bá bẹ́ẹ̀ lọ, kò ṣeé rí gbà padà. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.

Irú àyẹ̀wò wo ló ń fi ìdí rẹ̀ hàn?

Wíwo ojú egbò kò tó. Dókítà awọ ara gbọ́dọ̀ gé ẹran ara kékeré fún àyẹ̀wò, ohun tí àwọn dókítà ní Abidjan ń pè ní biopsie. Ibi méjì ni wọ́n máa ń gé. Wọ́n á fi ọ̀kan, láti etí ìléròrò tuntun, sínú formalin, láti wo bí àwọn sẹ́ẹ̀lì ṣe tú ká. Èkejì, láti awọ tó wà nítòsí egbò, kò gbọ́dọ̀ kan formalin rárá, nítorí yóò ba áńtíbọ́dì inú rẹ̀ jẹ́. Wọ́n gbọ́dọ̀ gbé e sínú omi ìpamọ́ tí wọ́n ń pè ní omi Michel tàbí kí wọ́n sọ ọ́ di yìnyín lójú ẹsẹ̀.

Àwọn onímọ̀ á wá fi àwọ̀ tó ń tàn sórí rẹ̀. Lábẹ́ máíkíróskóòpù, áńtíbọ́dì tó lẹ̀ mọ́ sẹ́ẹ̀lì awọ á tàn bí ìlà ewéko tútù. Àyẹ̀wò yìí kò sí ní gbogbo ilé ìwòsàn, ṣùgbọ́n ẹran ara tó wà nínú omi Michel lè rin ìrìn àjò ọjọ́ mélòó kan láìbàjẹ́. Nítorí náà, bí ilé ìwòsàn kékeré kò tilẹ̀ lè ṣe é, ó lè fi í ránṣẹ́ síbi tí wọ́n ti ń ṣe é.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ náà wà. Ọ̀nà kan tó gbajúmọ̀ ni pé wọ́n á da omi ẹ̀jẹ̀ aláìsàn sórí awọ inú àpò ìtọ̀ eku. Àpò ìtọ̀ eku ní plakin, kò sì ní desmoglein tí pemphigus lásán ń kọlù. Bí áńtíbọ́dì aláìsàn bá lẹ̀ mọ́ ọn, ó jẹ́ ẹ̀rí tó lágbára pé irú èyí tó ń bá jẹjẹrẹ rìn ni.

Lẹ́yìn náà ni wíwá jẹjẹrẹ á bẹ̀rẹ̀: àyẹ̀wò iye sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀, fífi ọwọ́ wá kókó ara, àti fọ́tò skánà ti ọrùn, àyà, ikùn àti ìbàdí.

Ṣé ìtọ́jú wà?

Ìtọ́jú wà, ṣùgbọ́n ó le, ó sì ń béèrè pé kí dókítà awọ ara àti dókítà jẹjẹrẹ ṣiṣẹ́ pọ̀. Nínú àrùn Castleman tó jẹ́ kókó kan ṣoṣo, iṣẹ́ abẹ tó yọ gbogbo rẹ̀ lè mú kí áńtíbọ́dì dínkù, kí egbò sì máa jiná láàárín ọ̀pọ̀ oṣù. Àwọn oníṣẹ́ abẹ máa ń ṣọ́ra kí wọ́n má fún kókó náà pọ̀, nítorí ó lè tú áńtíbọ́dì sínú ẹ̀jẹ̀.

Fún lymphoma àti jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀, wọ́n á tọ́jú jẹjẹrẹ náà, wọ́n á sì lo sítẹ́rọ́ọ̀dù bíi prednisone láti dá ìkọlù awọ dúró. Oògùn rituximab wúlò nítorí pé ó ń pa àwọn sẹ́ẹ̀lì B tó ń ṣe áńtíbọ́dì. Egbò ara sábà máa ń tètè jiná ju ti ẹnu lọ. Títí di àkókò yìí, ọ̀pọ̀ aláìsàn ló ń kú nínú àìsàn yìí, pàápàá àwọn tí wọ́n rí jẹjẹrẹ wọn pẹ́.

Ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ìgbésẹ̀ kan wà tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fò kọjá. Àwọn oògùn wọ̀nyí ń rẹ ètò ààbò ara sílẹ̀. Kí aláìsàn tó bẹ̀rẹ̀ wọn, ó yẹ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò fún ikọ́ ife, HIV àti àrùn ẹ̀dọ̀ hepatitis B, èyí tó wọ́pọ̀ lágbègbè yìí tó sì lè jí padà bí ẹni tó ní i bá gba rituximab. Ó tún yẹ kí wọ́n wo aràn inú tí wọ́n ń pè ní strongyloides, nítorí sítẹ́rọ́ọ̀dù lè mú kó tàn ká gbogbo ara. Ẹni tó ń lo sítẹ́rọ́ọ̀dù fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ dá a dúró lójijì láìgbọ́ tẹnu dókítà.

Nígbà tí ìtọ́jú jẹjẹrẹ fúnra rẹ̀ bá fa ìkọlù awọ

Ọ̀nà mìíràn wà tí jẹjẹrẹ àti ìkọlù awọ fi lè pàdé. Ní ọdún 2018, James Allison ará Amẹ́ríkà àti Tasuku Honjo ará Japan gba ẹ̀bùn Nobel fún ìwádìí tó bí àwọn oògùn tuntun tó ń tú ìjánu ètò ààbò ara sílẹ̀ kó lè bá jẹjẹrẹ jà. Bí ìjánu bá tú, ìjà náà lè kọjá orí jẹjẹrẹ. Àwọn kan tó ń gba irú oògùn bẹ́ẹ̀ máa ń ní ìléròrò pemphigoid.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ìyípadà awọ lásìkò náà ló burú. Lára àwọn tó ní jẹjẹrẹ awọ tí wọ́n ń pè ní melanoma, bí awọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í funfun lójú kọ̀ọ̀kan, ó sábà máa ń jẹ́ àmì pé oògùn náà ń ṣiṣẹ́. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé kí aláìsàn sọ ọ́ fún dókítà rẹ̀ kíákíá, kó má sì pa oògùn tì fúnra rẹ̀.

Kí ni ará Niangon tó ní àmì wọ̀nyí lè ṣe?

Ọ̀pọ̀ egbò ẹnu àti ìléròrò kì í ṣe ti jẹjẹrẹ, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni bẹ̀rù kó tó mọ ohun tó ń ṣe é. Ṣùgbọ́n egbò ẹnu tó bá kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tàbí ìléròrò tó ń pọ̀ sí i, kì í ṣe ohun tí a ń fi ìpara inú ọjà tọ́jú.

Ilé ìwòsàn àdúgbò lè kọ ìwé fún aláìsàn láti lọ rí dókítà awọ ara. Ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì ní Treichville, lódìkejì ọ̀sà, ní ẹ̀ka ìtọ́jú awọ ara tó ti pẹ́. Fún jẹjẹrẹ, ilé ìtọ́jú tí ìjọba fi orúkọ Alassane Ouattara sọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Cocody ní 2018, ó sì ń fi ìtànṣán tọ́jú àwọn aláìsàn. Ẹni tó wà nínú ètò ìlera CMU, tó ń san 1,000 CFA lóṣù, lè béèrè ṣáájú irú àyẹ̀wò tí ètò náà ń san owó rẹ̀.

Àwọn ohun tó yẹ kí aláìsàn mú dání nìwọ̀nyí:

• Orúkọ gbogbo oògùn, àgbo àti ìpara tó ti lò láàárín oṣù mẹ́ta, pẹ̀lú ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ wọn.
• Fọ́tò egbò náà láti ìbẹ̀rẹ̀, bó bá wà lórí fóònù.
• Ìwé jẹjẹrẹ tó ti ní tẹ́lẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti sọ pé ó ti san.

Bí ìdílé bá pinnu láti gbé aláìsàn padà sí Nàìjíríà, kò yẹ kí ìrìn àjò náà mú kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Ẹ̀dà ìwé àyẹ̀wò ẹran ara, ti ẹ̀jẹ̀ àti fọ́tò skánà gbọ́dọ̀ bá a lọ. Ìwé láti Abidjan á wà ní èdè Faransé, nítorí náà ó dára kí wọ́n bẹ dókítà níbẹ̀ kó kọ orúkọ àìsàn àti oògùn sílẹ̀ kedere. Fún àwọn tó ń padà sí Èjìgbò, ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kan náà. UCH ní Ìbàdàn náà kò jìnnà.

Ìbéèrè kan wà tí aláìsàn tàbí ẹbí rẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti bi dókítà tó bá sọ pé pemphigus ni: irú wo ni, ṣé wọ́n sì ti wá jẹjẹrẹ? Bí ìdáhùn bá jẹ́ pé wọn kò tíì wá a, kí wọ́n béèrè ọjọ́ tí wọ́n máa ṣe é kí wọ́n tó kúrò ní yàrá àyẹ̀wò.